Ẹ Yé Fi Margin Ti Bọ́tìnnì Kiri

Ẹ̀yin àbúrò mi tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Sábó, Ìkòròdú níbí, mo ti wo notebook tí ẹ fi ránṣẹ́, fáìlì Jupyter tí ẹ kọ kóòdù Python yín sí. Ẹ ṣiṣẹ́, ìṣirò yín sì pé. Ṣùgbọ́n mo rí margin='0 0 0 350px' (margin ni àyè òfìfo tí à ń fi sílẹ̀ yí nǹkan ká) lára bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ kó bọ́ sáàárín, ara mi sì gbóná. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni mò ń bá wí.

Mi ò ní tún ABD kọ́ yín. Ẹ mọ Jupyter, ẹ mọ slider tí à ń fà láti yan nọ́ńbà, ẹ mọ̀ pé HBox ń to nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pé VBox ń tò wọ́n láti òkè wá sílẹ̀. Àwọn ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kà fún yín níkọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: Python kọ́ ló ń to nǹkan sójú ẹ̀rọ, browser ni. Ohun tí ẹ bá kọ sínú Layout, ibi tí à ń kọ ìwọ̀n àti ipò nǹkan sí, ńṣe ni ipywidgets, àkójọ kóòdù tó ń fi bọ́tìnnì àti slider sínú notebook, ń gbé e fún browser bíi CSS, èdè tí browser fi ń mọ bí nǹkan ṣe máa rí. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kan fi ń pariwo tí òmíràn ń dákẹ́. Ẹ kọ margin=10, ìkìlọ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní TraitError á yọ, torí string, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì ' ', ló ń retí níbẹ̀. Ẹ kọ margin='10', Python á gbà á láìjanpata, ṣùgbọ́n browser ò mọ ohun tí 10 tí kò ní px (pixel) nídìí ń wí, á dà á nù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ align_items='left' (align_items ń sọ apá tí ohun inú àpótí máa fì sí), ó tún di TraitError: flex-start, flex-end, center, baseline àti stretch ló mọ̀, pẹ̀lú àwọn bí inherit tí ẹ kì í lò. Àmọ́ bí ẹ bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, tí ẹ kọ btn.layout.aling_items='center', kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Nǹkan kan ò ní yí padà, ẹ óò sì máa rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa.

Ìkejì: nọ́ńbà mẹ́rin inú margin ń tẹ̀ lé ara wọn báyìí: òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì. Widget kọ̀ọ̀kan, bíi bọ́tìnnì tàbí slider, ti ní margin 2px tiẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án; àpótí bíi HBox àti VBox ò ní rárá. Margin àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí ń ròpọ̀ ni, ọ̀kan kì í gbé èkejì mì: 10px àti 10px di 20px.

Ìkẹta ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kí n tó dé ọ́fíìsì yìí, mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí mi ò ní dárúkọ. Bọ̀ọ̀dá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń júbà fún. Alhájà kan tó ń ta oúnjẹ ẹja fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ló gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ kí oníbàárà lè fa slider sí iye ẹja tó wà nínú adágún rẹ̀, kó fa òmíràn sí bí ẹja náà ṣe tóbi tó, kó tẹ bọ́tìnnì, kó rí iye àpò oúnjẹ tó yẹ kó rà. Bọ̀ọ̀dá kọ ọ́ sí notebook, ó fi Voilà bo kóòdù mọ́lẹ̀ kó lè dà bí ojú ewé gidi. Lórí monitor rẹ̀ tó fẹ̀ ní 1,920 pixel, ó rẹwà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n margin ló fi to gbogbo rẹ̀. Ó fi 700px ti àkọlé kúrò lápá òsì, ó fi 1,200px ti bọ́tìnnì ìṣirò. Ó ṣe Layout kan ṣoṣo, ó sì gbé e wọ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n bá wá ṣí i lórí ẹ̀rọ tí kò fẹ̀ tó èyí ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ tó dé lánàá."

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa fi han Alhájà pé, Bọ̀ọ̀dá ti lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní kí n gbé e lọ. Èmi àti ọ̀gá wa la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Alhájà ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, wọ́n ti to àga, wọ́n ti ta aṣọ funfun sára ògiri. Projector tí wọ́n ní, 1,024 pixel ni fífẹ̀ ojú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà: bọ́tìnnì tí 1,200px wà lápá òsì rẹ̀, níbo ló máa wà?

Ó ti kọjá etí ògiri. Àkọlé gé sí méjì, ọ̀pá scroll yọ nísàlẹ̀. Orúkọ slider tí ó yẹ kó jẹ́ "Iye ẹja inú adágún" di ọ̀rọ̀ gígé àti àmì ìdánudúró mẹ́ta (...), torí 80px péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún orúkọ bí ẹ ò bá fi description_width='initial' sínú style rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn Alhájà béèrè bóyá ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo ṣí notebook fúnra rẹ̀, mo dín margin bọ́tìnnì ìṣirò kù. Bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà! Layout kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan ti fọwọ́ kan gbogbo wọn nìyẹn.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi níwájú wọn, ó ní, "Kí lo fọwọ́ bà tó fi rí báyìí?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Alhájà. Kò bínú, ó kàn ní ká lọ tún un ṣe. A ò rí iṣẹ́ náà gbà mọ́. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá dé, ó gbọ́, ó wo ilẹ̀, ó lọ mu omi. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, "iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn" ni wọ́n ń pè é. Mo ti dárí jì wọ́n, mi ò tíì gbàgbé.

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá ò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò kà sí, ni pé àpótí ló ń to ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú dánfó Mile 12, kọ̀ndọ́ ló ń sọ ibi tí èrò máa jókòó sí. Èrò tó bá ń fi ìgúnpá wáyè fún ara rẹ̀, ìjà ló ń wá. Margin ni ìgúnpá yẹn. Nínú HBox, justify_content ló ń pín àyè láti òsì dé ọ̀tún, align_items ló ń wo òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú VBox, wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ óò wá kọ justify_content='center' fún VBox, kò ní mira, ẹ óò ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Gíga VBox náà ni kò ju ti ohun inú rẹ̀ lọ, kò sí àyè tó ṣẹ́ kù tó máa pín. Ẹ fún un ní height='300px', kí ẹ tún wò ó.

Bákan náà ni HBox tó wà nínú VBox. Bí VBox bá ní align_items='center', HBox á sún kì mọ́ra, á fẹ̀ mọ ìwọ̀n ohun inú rẹ̀, space-between tí ẹ kọ sí justify_content rẹ̀, èyí tó ń pín àyè sáàárín nǹkan, ò ní rí nǹkan pín. Ẹ fún HBox náà ní width='100%'. Ṣùgbọ́n ẹ má wá fi margin='0 20px' kún 100% yẹn, torí margin kì í sí lára width: 40px á yọ síta, ọ̀pá scroll á sì padà dé. Padding, àyè tó wà nínú àpótí fúnra rẹ̀, ni kí ẹ fún un, òun wà nínú width. Margin kan tí mo fẹ́ràn ni '0 0 0 auto': ó máa gbé bọ́tìnnì kan lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún HBox, bó ti wù kí ojú ẹ̀rọ fẹ̀ tó. Bí ẹ bá sì rí overflow_x, tó ń sọ ohun tí a máa ṣe sí ohun tó ṣàn kọjá àpótí, nínú kóòdù àtijọ́ ọ́fíìsì wa, ẹ sọ ọ́ di overflow; ipywidgets 8 tó jáde ní 2022 ti yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè níbí, mi ò ní sọ fún un pé àná ló dé. Ẹ béèrè, kódà bí ojú mi bá le. Ẹni tó kọ kóòdù ló máa gbé e lọ bá oníbàárà, èmi náà á sì wà níbẹ̀.

Fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi border='1px solid red' sára gbogbo àpótí yín kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ fa fèrèsé browser yín kéré, ẹ tún fà á tóbi, kí ẹ wo èyí tó sá kúrò nínú ilé. Kí ẹ sì yọ bọ́dà pupa náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí mi o; ẹnì kan nínú àwọn tó ṣe IT ṣáájú yín gbé e dé iwájú oníbàárà, oníbàárà yẹn sì ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.