Ọwọ́ Òsì Bàbá Àwọn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pariwo, torí ohun tó gbé mi dé iwájú yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bàbá àwọn ọmọ mi mọ̀ pé wẹ́dà ni wọ́n. Géètì tí ò bá ti ọwọ́ wọn jáde ládùúgbò wa l'Óṣogbo, ọmọ iṣẹ́ wọn ló jó o. Lọ́dún tó kọjá ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ lọ ní ibà ni, wọ́n fa omi sí wọn lára, a padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dákú nílé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, wọ́n ṣubú lé irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Àpá ẹ̀ wà lápá wọn títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n wọn ní wárápá ni. Ìyá kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Mi ò lè bú ẹnikẹ́ni, èmi náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ ayé yẹn. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan ló di ọrùn ọwọ́ wọn mú, tó ń wo aago, tí ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó kà á tán, ó ní, "Mà, ẹ má gbé wọn lọ sílé o. 34 ni." Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ló yẹ kó lù ní ìṣẹ́jú kan.

Ìbàdàn la gbà lọ. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ wọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ya ìlà sórí bébà. Dókítà ní yàrá òkè inú ọkàn ń ránṣẹ́, yàrá ìsàlẹ̀ ni kò gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni bàbá ti dáhùn: "Ó yé mi, dókítà. Iná wà lórí òpó, wáyà tó wọlé ló já." Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Pésímékà ni wọ́n máa fi sí wọn lára, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ ta ọkàn jí kó lè máa lù bó ṣe yẹ.

A ta ilẹ̀ tá a fẹ́ kọ́lé sí. Àwọn tá a jọ ń dájọ kó owó fún mi láìtíì kàn mí. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kó má bàa ro wọ́n, wọn ò sùn, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń tàkúrọ̀sọ. Abẹ́ awọ, lápá òsì, nísàlẹ̀ èjìká ni wọ́n fi í sí. Kò nípọn tó páálí ìṣáná. Wáyà ẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọnú ọkàn lọ.

Mo bi dókítà bóyá ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lára ń pẹ́ láyé. Ó ní Arne Larsson, ará Sweden, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí nínú ara lọ́dún 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò lò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi dákẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún un ju ìgbà 20 lọ, ó sì pé ọdún 86 kó tó kú lọ́dún 2001, àrùn mìíràn ló sì pa á. Ìyàwó ẹ̀, Else-Marie, ló yọ àwọn dókítà lẹ́nu títí wọ́n fi gbà láti ṣe é. Mo ní, obìnrin bíi tèmi!

Òfin tí wọ́n fún wa ni pé ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ kọjá èjìká fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí wáyà ò tíì dì mọ́ ọkàn dáadáa. Mo fẹ́ fi gèlè so ọwọ́ ọ̀hún mọ́ wọn láyà, nọ́ọ̀sì ní rárá, èjìká á gan, kí wọ́n máa rọra mì ín nísàlẹ̀. Ó dáa.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo lọ sọ́jà. Wọ́n mú iná dé, gílóòbù pálọ̀ ò tàn, ọkọ mi gun àga! Nírọ̀lẹ́, òsúkè mú wọn. Wọ́n mu omi, wọ́n di imú, kò lọ. Ọmọ wa ọkùnrin yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n kó lè lọ. Ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu! Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé wọ́n ní òsúkè tí ò bá dáwọ́ dúró lè jẹ́ wáyà tó yẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo kà á: 38. Òru ọjọ́ náà la dé Ìbàdàn. Wáyà ti yẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún un ṣí, wọ́n tò ó padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí mi nígbà ìyìn tí mo di ọwọ́ òsì wọn mú, tẹ́ ẹ rò pé ìfẹ́ ló ń pa wá, ẹ má bínú, ọlọ́pàá ni mí. Tí pásítọ̀ bá ti ní ká gbé ọwọ́ méjèèjì sókè báyìí, àyà mi á já.

Aládùúgbò wa kan bi mí bóyá mo máa ń ṣáájì ẹ̀ lálaalẹ́ bíi fóònù, àti pé tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́. Bátìrì wà nínú ẹ̀ o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà gbé nǹkan kan lé wọn láyà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ó ṣì ku bí ọdún mẹ́sàn-án. Tó bá tán, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tó dùn wọ́n jù ni iṣẹ́. Agbára iná wẹ́dà lè da ẹ̀rọ náà láàmú, wọn ò gbọdọ̀ jó irin mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sórí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo rí wọn tí wọ́n sunkún nítorí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní báńkì, wọ́n á fa káàdì ẹ̀rọ náà yọ kí ẹ̀ṣọ́ tó gbé irin àyẹ̀wò ẹ̀ sún mọ́ wọn láyà. Mo ṣì ń ka ọrùn ọwọ́ wọn láràárọ̀ kí n tó gbé omi kaná. 62 ni tàárọ̀ yìí.

Bàbá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ gbé ọwọ́ òsì yẹn sókè, ó ti tó àsìkò. Ẹ gbé e sókè dáadáa! Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ fóònù yẹn kúrò lápò àyà, àbí kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?