Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Ní Ọ́fíìsì Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò lọ́dọ̀ wa níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ sílé, ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun fẹ́ béèrè ohun kan, ṣùgbọ́n kí n dákun má jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ pé òun béèrè rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń ka iye ọjọ́ tí òfin fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kó san gbèsè, tí ẹni náà bá fẹ́ ta ko àṣẹ ọ̀hún. Mo ṣàlàyé fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, n kò lè dìde lórí àga, nítorí pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí láti bi ẹnikẹ́ni nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ obìnrin ọlọ́jà kan di aláìní. Mo ti rò pé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ilé tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀. (Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin náà kí n tó kọ èyí.)

Lórílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò kì í dá ọ́fíìsì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ àgbà kan ni yóò ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, stagiaire ni a ó sì máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń wọ aṣọ dúdú lọ síwájú adájọ́. Àwa méjì ni a jọ wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà nígbà tèmi. A ò jà rí, ṣùgbọ́n ojú rere ọ̀gá ni olúkúlùkù wa ń wá, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi jọ wà ní yàrá kan fún ọ̀pọ̀ oṣù tí ọ̀rọ̀ àárín wa kò ju "káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando gba ìwé ilé-ẹjọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù: ẹni tó ń kó ọjà fún un ti gba àṣẹ pé kí obìnrin náà san gbèsè kan tí obìnrin náà sọ pé òun ti san púpọ̀ nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin OHADA (àjọ tó ń ṣe òfin òwò kan náà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà) ti ọdún 1998, èyí tí a ń lò nígbà náà, ọjọ́ 15 ló ní láti fi ta kò ó. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹni tó ń béèrè gbèsè lè ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí àṣẹ náà, yóò sì di ìdájọ́ tí a kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí. Lẹ́yìn èyí, ẹrù orí àtẹ ni wọn yóò wá kó. Ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé náà. Ó rò pé ọ̀gá ti fà á lé mi lọ́wọ́. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ilé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún ni mo rí i lábẹ́ àwọn ìwé mìíràn.

Mo fi ìka ka ọjọ́ bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń ka ọjọ́ ọjà Adjarra. Àwa Yorùbá ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọrọọrún, nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a ná an lónìí, a sì ń ka ọjọ́ tí a óò tún ná an. Ẹni tó bá ń sọ èdè Faransé yóò ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Mo ka ọjọ́ kejì oṣù mọ́ ọn, ọjọ́ 15 sì pé sí ọjọ́ kẹrìndínlógún. Àná nìyẹn. Mo ti ìwé náà bọ inú àpótí tábìlì mi, mo lọ sílé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí.

Ẹni tó ń tẹ ìwé fún ọ̀gá wa ni gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ó ti wà níbẹ̀ kí èmi tó wọ yunifásítì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní: "Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi?" N kò mọ ìgbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó ṣí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí ọjọ́ kejì, ó ní: "Ọjọ́ tí wọ́n fún un níwèé, a kì í kà á." Ó kà láti ọjọ́ kẹta títí dé ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ní: "Ọjọ́ tí yóò parí, a kì í kà á mọ́ ọn. Òní gan-an la ní. Dìde." Bẹ́ẹ̀ ni òfin OHADA rí ní tòótọ́: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí kò sí nínú iye ọjọ́ tó dá. Màmá kò kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń tẹ ìwé fún àwọn tó kọ́ ọ ló fi mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Ìwé tí a fi ń ta ko irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa gbé lọ; huissier, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tó ń fi ìwé jíṣẹ́, ni ó gbọ́dọ̀ gbé e. Màmá pe ọ̀kan lórí fóònù. Ọkùnrin náà ti wà lójú ọ̀nà Pobè, ó ṣẹ́rí padà. Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló mú un padà, nítorí pé owó tí yóò gbà lórí ìwé kan kò tó nǹkan. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ Màmá, kò fún òun ní àdírẹ́sì tí kò dájú rí, kò sì fi ìwé òwúrọ̀ pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ kó tó wá ní kí òun sáré. Nítorí náà, bó bá ní kí òun sáré, ó ní láti jẹ́ pé eré ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ti dé ọwọ́ àwọn tó yẹ. Òfin náà sì ní kí ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ gbìyànjú láti pẹ̀tù sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dá a; níbẹ̀ ni obìnrin náà àti ẹni tó ń kó ọjà fún un ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó kù, tó sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé àjọṣe nínú ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. A máa ń dá owó jọ fún ìkómọ, a sì ti ọ́fíìsì pa nígbà tí bàbá ọ̀kan nínú wa kú ní Sàkẹ́tẹ́, kí gbogbo wa lè lọ. Ó dára, n kò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ìjọ́sí jọ jẹun níbi ìnáwó púpọ̀, ìwé obìnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí àárín wa. Àjọṣe tí mo ń wá ni èyí tí èèyàn fi lè sọ pé "n kò mọ̀ ọ́n" láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, lójú gbogbo ará ilé.

Àwa mẹ́fà péré ni a wà ní ọ́fíìsì wa, nítorí pé Kutonu ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò orílẹ̀-èdè yìí fi ṣe ibùjókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì wà níbí. Kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa, títí kan ọmọkùnrin tó ń gbé ìwé lọ sí ilé-ẹjọ́, ni a ń dúró síwájú rẹ̀ láti ka ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò pé, èèyàn méjì sì gbọ́dọ̀ kà á kí wọ́n tó fi orúkọ sí i. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti rí ojútùú. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá, ẹnìkejì kò tún nǹkan kan ṣe rí lórí ohun tí èmi bá ti kọ, kì í sì í ṣe pé n kì í ṣì í. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já àgbà nírọ́, àwọn ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mo sì gbà síṣẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò di dandan kí a pa ọ̀wọ̀ tì kí òtítọ́ tó lè jáde. Gbólóhùn tó lè gbé méjèèjì pọ̀ ni a kò ní. Akọ̀wé wa, tí òun náà tó ìyá fún gbogbo wa, ló mú un wá. Lọ́jọ́ tó rí àṣìṣe mi, kò ní "ẹ ti ṣì í", ó ní: "Ẹ jẹ́ ká tún un kà." Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ó ní "ká": èmi wà nínú rẹ̀, òun náà wà nínú rẹ̀, ọjọ́ nìkan ni a jọ ń yẹ̀ wò. A sọ ọ́ di òfin ilé pé ẹni tó bá gbọ́ "ẹ jẹ́ ká tún un kà" kò ní béèrè ìdí, kò ní fajú ro. Yóò mú bírò, yóò tún un kà. Ẹni tó kéré jù lè sọ ọ́ fún ẹni tó dàgbà jù, "ẹ" ọ̀wọ̀ sì ti ṣíwájú rẹ̀. Mo wá irú rẹ̀ nínú èdè Faransé tí a fi ń kọ ìwé wa, n kò rí èyí tó rọni lára tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún òfin OHADA yẹn ṣe ní ọdún 2023, gbogbo wa di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan náà, èyí sì ràn wá lọ́wọ́ ju bí mo ti rò lọ. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú àjọ náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí àjọ náà dá sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ òfin, ERSUMA, sì wà ní ìlú wa níbí. Ẹni tó bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín wa kò gbọdọ̀ dá ìmọ̀ náà jẹ. Yóò jókòó ti akọ̀wé, yóò ṣàlàyé fún un títí akọ̀wé náà yóò fi lè sọ ọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ń bẹ. Ègùn ni ọmọkùnrin tó ń gbé ìwé. Yorùbá tó fi ń rajà ló gbọ́, kò gbọ́ ti àwàdà. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín tí òun ń wo ẹnu wa, kò sí bí yóò ṣe rò pé ilé òun nìyí. A ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n a kò tíì ṣe é dáadáa.

Àjọṣe tó ṣòro jù láti là yé àwọn oníbàárà ni èyí tó wà láàárín àwa àti agbẹjọ́rò ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́. Confrère ni a ń pe ara wa, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ìwé tí a bá sì kọ sí ara wa, ní gbogbogbòò, kò ṣeé mú lọ fi han adájọ́. Oníbàárà kan láti Kétu rí mi tí mo ń bá agbẹjọ́rò ìhà kejì rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́, ó fà mí sápá kan, ó ní: "Maître" (bí a ṣe ń pe agbẹjọ́rò ní èdè Faransé nìyẹn), "ẹ má tà mí o." Kò já sí àrífín sí mi, owó rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ ló wà lórí ọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó mọ̀ pé nínú oṣù tó ṣáájú, ọkùnrin yẹn ló pè mí lálẹ́ láti sọ pé ẹlẹ́rìí òun ń ṣàìsàn, òun yóò sì ní kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ìdí nìyẹn tí mo fi pe oníbàárà náà pé kó má wulẹ̀ ná owó ọkọ̀ láti Kétu wá. Lẹ́yìn èyí, mo wọlé, mo sì ta ko gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, mo sọ ìtàn obìnrin Ouando níwájú kàlẹ́ńdà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìwé tí mo fi pamọ́ àti alẹ́ tí n kò lè sùn. N kò sọ ẹni tó bi mí léèrè. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Nígbà tí a dé orí èyí tí mo kọ sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé ọwọ́ díẹ̀, ó ní: "Maître, ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Mo mú bírò. A yọ ọjọ́ àkọ́kọ́, a kà, a yọ ọjọ́ tó parí. Ọjọ́ Ẹtì náà ni. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, a sì bọ́ sórí ìwé tó kàn.