Ẹ Mọ Ẹni Tí Yóò Rà Á Lọ́wọ́ Yín Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá yín ra ṣíà (ìpín nínú ilé-iṣẹ́), tó sì ń bá yín tà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gba 3,540 dọ́là lọ́wọ́ mi ní Houston níbí.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ètò tèmi. Mo fi iye tí wọ́n ta ṣíà ní àwọn ọdún tó kọjá dán an wò, èrè ń gorí èrè. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan lórí Nasdaq, ọjà ṣíà kan ní Amẹ́ríkà, ló yàn láàyò, ṣíà rẹ̀ kan tó dọ́là mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ra 6,000. Ìdánwò ti ní 4.10 dọ́là ni màá rà á, ṣùgbọ́n kó tó rà á tán, ó ti di 4.31 ní ìpíndọ́gba, nítorí ètò mi fúnra rẹ̀ ló ń gbé owó lé e. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ká tà. Ẹni tó fẹ́ rà á ní 4.05 kò fẹ́ ju 300 lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e fẹ́ 500 ní 3.98. Lẹ́yìn wọn, ọjà dá páropáro. Market order, àṣẹ láti tà ní iyekíye tó bá wà, tí mo lò kò sì mọ dídúró, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti nawọ́ ló ń tà á fún. 3.72 ló já sí ní ìpíndọ́gba.

Ìyá mi ta ata ní Bódìjà. Kò jẹ́ kó ogún apẹ̀rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra mẹ́ta lójúmọ́, kó má baà di kùtà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé ti ṣíà yàtọ̀. Kò yàtọ̀.

Ìdánwò mi gbà pé iyekíye tí mo bá fẹ́ ni màá rí rà. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 40,000 péré ni wọ́n ń tà nínú ṣíà yẹn lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 390 ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Amẹ́ríkà, láti 9:30 àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ New York. Ẹ pín in, kò ju nǹkan bí 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Zipline, ètò ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ Quantopian kọ, ní òdiwọ̀n tó ń dá ríra dúró síbi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n tà ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìyókù á máa dúró de ìṣẹ́jú mìíràn. Pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni 6,000 mi ìbá gbà. Mo fi í sí ìdánwò mi, èrè sì dín ju ìdajì lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n iye tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn.

Nísinsìnyí, mò ń ṣírò ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n tà ní ogún ọjọ́, n kì í sì kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lójúmọ́, bó ti wù kí owó pọ̀ lọ́wọ́ mi tó. Limit order, àṣẹ tí kì í kọjá iye owó tí mo bá dá, nìkan ni mò ń lò. Tí kò bá wọlé, mo fi í sílẹ̀.

Ibi tó tún burú ni ìgbà tí order bá wọlé lábọ̀. Mo ní kó ra 1,000, ó rí 400, ètò mi rò pé kò tíì rà rárá, ó rán 1,000 mìíràn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bi alágbàtà pé mélòó ló ti wọlé, kó fagi lé ìyókù, kó tó rán òmíràn. Irú àṣìṣe yìí ló ṣe Knight Capital, ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012: order 212 ni àwọn oníbàárà mú wá, ṣùgbọ́n apá àtijọ́ kan nínú ètò wọn kò mọ ìgbà tí order ti pé, ó ń rán òmíràn jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Owó tó bá a lọ ju 440 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Nítorí náà, òdiwọ̀n mi wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí apá tó ń ra ọjà kò lè fọwọ́ kàn. Tí order bá ti ju mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ á dúró, fóònù mi á sì dún.