Ìkìlọ̀ Gbọ́dọ̀ Dé Ojú Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti wà lára àwọn tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà kékeré kan tí a fi èdè Python kọ, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó tàbí tó fẹ́ tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ka fáìlì tí a kọ ní ìlànà kan, kí ó sì tún un kọ ní ìlànà mìíràn. Nígbà kan, a fohùn ṣọ̀kan pé kí á yọ apá kan tó ti gbó kúrò nínú rẹ̀. Ìlànà fáìlì àtijọ́ kan ni, tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nípa rẹ̀ mọ́, tí ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́. A kọ ọ́ sí ojú-ìwé ìtọ́ni pé a máa yọ ọ́, a dúró fún oṣù mẹ́fà, a sì yọ ọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà òun máa ń dá ṣe lóru ti dúró láti ọjọ́ mẹ́rin, òun kò sì mọ̀. Kò bú wa. Ìbéèrè kan péré ló bi wá: "Níbo ni ẹ ti sọ fún mi?"

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé ó wà ní ojú-ìwé ìtọ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń padà lọ ka ìtọ́ni ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́?

N kò sọ pé ó burú láti yọ apá tó ti gbó. Kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú mọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe níbòmíràn ló gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni àbùkù yóò fara pamọ́ sí. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú OpenBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, mú kóòdù OpenSSL, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 2014, lẹ́yìn àbùkù ńlá tí wọ́n rí nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Heartbleed, tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà tiwọn, LibreSSL, ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kó ọ̀pọ̀ kóòdù tó wà fún àwọn ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi VMS, dànù, kí ojú lè ríran ka èyí tó kù. Mo fara mọ́ wọn pátápátá.

Ọ̀nà tí ìkìlọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ń dùn mí, Python fúnra rẹ̀ sì ti jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkìlọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DeprecationWarning, tó ń sọ fún ènìyàn pé ohun tó ń lò kò ní pẹ́ kúrò nílẹ̀. Láti ẹ̀dà 2.7 àti 3.2 ni wọ́n ti fi í pamọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rí i jẹ́ ẹni tó kàn ń lo ètò tí ẹlòmíràn kọ, tí kò sì lè yí ìlà kan padà nínú rẹ̀. Ìrònú yẹn dára, àmọ́ àwọn tó kọ ètò náà gan-an kò rí ìkìlọ̀ mọ́, àyàfi tí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò tàbí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u sílẹ̀. Ní ẹ̀dà 3.7, ní ọdún 2018, wọ́n tún dá a padà díẹ̀, ó sì ń hàn nígbà tí kóòdù tó ń lo ohun àtijọ́ náà bá wà nínú fáìlì tí ènìyàn mú ṣiṣẹ́ ní tààràtà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a tó kọ ìkìlọ̀, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í gbàgbé láti kọ stacklevel=2 sínú ìkìlọ̀ mọ́, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ìkìlọ̀ tọ́ka sí ìlà kóòdù ẹni tó pè wá, kì í ṣe ìlà tiwa tí kò wúlò fún un.

Ṣùgbọ́n kò sí ìkìlọ̀ tí ó lè jí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lóru. Inú fáìlì àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni yóò wọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú OpenSSH, ètò tí ènìyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè láìséwu, ni mo ti kọ́ ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ní ẹ̀dà 7.0, ní ọdún 2015, wọ́n pa irú kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ kan tó ń jẹ́ DSA, tó ti di aláìlágbára, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́; ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀ lè fi ètò kékeré kan tan án padà. Ẹ̀dà 10.0, ní ọdún 2025, ni wọ́n tó yọ ọ́ pátápátá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2015 lè tètè mọ̀, ó sì tún ní ọ̀nà láti máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tó ń wá ohun mìíràn. Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀ fún ReiserFS, ọ̀nà àtijọ́ kan tí ó fi ń to fáìlì sórí dísìkì: ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé ó ń lọ, tí wọ́n sì dárúkọ ọdún 2025, ó sì kúrò ní ẹ̀dà 6.13 ní oṣù kìíní ọdún 2025 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Fáìlì àwọn ènìyàn ló wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí àkókò kó wọn jáde.

Àwọn kan nínú wa sọ pé ọ̀fẹ́ ni a fi sọ́fítíwíà náà sílẹ̀, àti pé ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ kedere pé a kò ṣe onígbọ̀wọ́ ohunkóhun. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, àwa la kọ ọ́ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ pé kí àwọn ènìyàn wá lò ó, ẹni tó sì pe àlejò wọlé kì í wó ilé lé e lórí láìjí i.

Nígbà tí ó tún kan yíyọ apá mìíràn, a kọ́kọ́ pa á nínú ẹ̀dà kan. Bí ètò ẹnikẹ́ni bá pè é, yóò dúró, yóò sì sọ ohun tó rọ́pò rẹ̀, ẹ̀dà tí yóò kúrò pátápátá, àti ìlà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè kọ láti tan án padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan kọ̀wé pé òun ti rí i, òun ti tan án padà, ṣùgbọ́n àkókò tí a dá kò ní tó òun láti yí gbogbo fáìlì òun padà. A fi oṣù méjì kún un.