Kọ̀ǹpútà Onípele Mẹ́ta: Fóltì Ń Sọnù Lójú Ọ̀nà

Kọ̀ǹpútà onípele mẹ́ta la ń kọ́, Raspberry Pi 5 (kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan) sì ni ọkàn rẹ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ àti ti àárín ti parí. Ike PETG la fi tẹ̀ wọ́n lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, torí pé irú ike kejì, PLA, máa ń tètè rọ̀ bí ooru bá mú. SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì) ti jókòó sí ìpele òkè, okùn micro-HDMI kan péré ló sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ mọ́nítọ̀. Iná nìkan ló kù, òun ló sì jẹ gbogbo àkókò òní.

Bí Pi 5 bá wà láìṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Gbàrà tí stress-ng, ètò tí a fi ń dán agbára ẹ̀rọ wò, bá gba kọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí SSD sì ń kọ fáìlì lọ́wọ́, àṣẹ vcgencmd get_throttled tó ń sọ ipò iná á mú 0x50005 wá: iná ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ sì ti dẹwọ́ eré. EXT5V_V, ìyẹn fóltì tó ń wọ inú Pi, ń ka 4.58, bẹ́ẹ̀ 5.12 ni mítà tí a fi ń wọn iná ń kà lẹ́nu ṣáájà.

Ibo ni ìyókù gbà lọ? Waya 28 AWG (bí nọ́ńbà AWG bá ṣe pọ̀ tó ni waya ṣe tín-ín-rín tó) ló ń gbé iná láti ìsàlẹ̀ dé àárín, sẹ̀ǹtímítà 25 ní àlọ, 25 ní àbọ̀. Ìdènà inú sẹ̀ǹtímítà 50 yẹn tó nǹkan bí ohm 0.107, ní ámpù 3, fóltì 0.32 ti lọ nìyẹn. Ojú ìsopọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ ìyókù. Ẹ ṣọ́ra fún waya aláràbarà tí wọ́n ń tà ní ìdì ogójì o. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe bàbà gidi, wọ́n kàn fi bàbà bo alumíníọ̀mù tàbí irin ni. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ má rà á.

Waya 18 AWG la kọ́kọ́ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ó le jù, kò jẹ́ kí ìpele méjèèjì ṣí dáadáa. A ti yí ètò padà: fóltì 12 ni yóò máa gòkè báyìí. Wọ́ọ̀tì 15 tó ń gba ámpù 3 ní fóltì 5 kò ní gbà ju bíi ámpù 1.4 lọ ní fóltì 12, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò nígbà tí a bá ń yí i padà sí fóltì 5. XT30, ojú ìsopọ̀ kékeré tó lè gbé iná púpọ̀, ló so ìpele méjèèjì. Pogo pin (píìnì onísípíríńgì) tí a ti rà tẹ́lẹ̀ di àfipamọ́.

Bọ́ọ̀dù buck alámpù 5, tó ń sọ fóltì 12 di 5, wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pi, pẹ̀lú waya 18 AWG sẹ̀ǹtímítà 6 sí píìnì 2 àti 4 lórí Pi, waya ilẹ̀ (ground) rẹ̀ sí 6 àti 9. Ẹ fi mítà gbé e dé 5.15 kí ẹ tó so ó mọ́ Pi. Bí ó bá fò kọjá ààlà, bọ́ọ̀dù lè bàjẹ́. Píìnì kì í bá ṣáájà dúnàádúrà bíi ti USB-C, nítorí náà mílíámpù 600 péré ni Pi 5 á fún gbogbo ojú USB. Ẹ kọ usb_max_current_enable=1 sínú config.txt, fáìlì ètò Pi, á di ámpù 1.6.

Lẹ́yìn wákàtí kan lábẹ́ ẹrù: EXT5V_V ń ka 5.04, get_throttled sì ń ka 0x0, ìyẹn ni pé kò sí ìṣòro kankan. Ó dúró!

Bátìrì fóltì 12 náà lè gbé e báyìí bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì tó ń gba ṣáájì lè dé 14.4, kápásítọ̀ tó wà lẹ́nu ìwọlé bọ́ọ̀dù buck kò sì lè gbà ju fóltì 16 lọ, ó ti sún mọ́ ọn jù. Ti fóltì 25 la ó fi sí i, pẹ̀lú fúúsì ámpù 5, kí a tó dé ìpele ìsàlẹ̀.