Mọ́tò agolo

Bàbá àgbà kan yà wọ gálárì mi ní Lágèrè lánàá. Yàrá kan péré ni, iṣẹ́ ọnà tó jẹ mọ́ ohun ìṣeré ọmọdé ló kúnbẹ̀: ọmọlańgidi, òkòtó. Iwájú mọ́tò agolo mílíìkì ni wọ́n dúró sí. Sílípáàsì tí a gé róbótó ni táyà rẹ̀. Wọ́n rọra fìka yí ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n mi ṣe irú ẹ̀ fún mi." Omi ti lé sójú wọn. Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi.

Ní Ifẹ̀ yìí náà, nílé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde ní 1938, tí gbogbo ayé ń yẹ́ sí. Ó wù mí kí wọ́n yẹ́ agolo yìí náà sí.

Bàbá ní àwọn á mú ọmọ-ọmọ àwọn wá ní Sátidé. Mo ti ń wá okùn tó máa fi wọ́ ọ.