Lẹ́ǹsì Fífúyẹ́ àti Àwọn Ẹyẹ Ẹlẹ́yẹlé

Èrèlé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Èjìká mi ọ̀tún ló ní kí n pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Èyí tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́ta, 150-600mm kan báyìí (bí nọ́ńbà mm bá ti pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ń fa nǹkan sún mọ́ni tó), fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Bí mo bá gbé e pẹ̀lú kámẹ́rà àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gun ọ̀kadà, ẹrù alábàárù ni. Kò pẹ́ tí mi ò fi gbé e jáde mọ́. Ó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Láti ìgbà tí òjò ti dá títí ọdún fi yí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jáde, òde ìgbéyàwó sì ni mo gbé e lọ.

Mo bá tà á. Mo fi owó àjọ lé e, mo ra Canon RF 100-400mm f/5.6-8 tòkunbọ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde. Gíráàmù 635 ni; ìgò omi 75cl tó kún wúwo jù ú lọ. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà Canon R10 mi, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀, kéré, nítorí náà 400mm náà ń fa nǹkan sún mọ́ mi bí ẹni pé 640mm ni. Àtòun àti kámẹ́rà, wọ́n lé díẹ̀ ní kílò kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ya fọ́tò òde ní Mọ́kọ́lá gbà á wò, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ẹnu ẹ̀ mà kéré o. f/8? Ṣé o máa ní kí ẹyẹ dúró dé oòrùn ni?"

Ẹnu tó ń wí ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ǹsì: bí nọ́ńbà f bá ti tóbi tó ni ihò náà ń kéré tó. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Èrèlé, Sátidé kejì

Ẹlẹ́yẹlé, aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibí yìí ni wọ́n ti sé odò Ọnà lọ́dún 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Mo wá ya ẹyẹ ní Ẹlẹ́yẹlé, mi ò bá ẹyẹlé kan ṣoṣo níbẹ̀. Lékèélékèé ló kún etí omi.

Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò mi, ẹfun ọ̀hún ti pọ̀ jù. Kámẹ́rà rí omi dúdú tó yí ẹyẹ ká, ó rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó da ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Ìyẹ́ kan ò hàn. Ẹyẹ náà dà bí ọ̀rá funfun tó há sórí igi. Ogójì fọ́tò ló bàjẹ́ kí n tó dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele kan. Ìgbà náà ni mo tó rí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Ohunkóhun tó bá ti jìnnà ju ogójì mítà lọ, eruku ti wà láàárín wa. Kò sí lẹ́ǹsì tó lè fọ afẹ́fẹ́ mọ́. N ṣe ni mo súnmọ́ etí omi, mo lóṣòó.

Ẹyẹ jacana kan ń rìn lórí òṣíbàtà bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ rẹrẹ sórí ewé, ewé ò sì rì. Bàbá apẹja kan wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Oò, ọmọ mi. Kí lò ń lúgọ wò níbẹ̀?"

Mo fi hàn wọ́n lójú kámẹ́rà.

"Hẹn-ẹ́n, èyí tó ń rìn lórí ewé! Ọkọ ni í pọnmọ nílé tiwọn."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ pọ́ńbélé ni: akọ ló ń sàba, òun ló ń tọ́ ọmọ, bí ewu bá sì dé, ó ń há àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn sá lọ, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀. Mi ò tíì rí èyí yà.

Ẹrẹ́nà

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀. Mo sun nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, lẹ́ǹsì wà lórí tábìlì. Mo gbé e jáde sínú ooru tó kún fún ọ̀rinrin, ojú lẹ́ǹsì bo fòò bí ojú ìgò omi tútù. Mo nù ún, ó tún bò. Ẹyẹ apẹja funfun-òun-dúdú kan ń pa ẹja níwájú mi, mi ò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìkùukùu. Láti ọjọ́ náà, nínú báàgì tí mo fi síìpù dé ni lẹ́ǹsì ń sùn, ìta yàrá tútù ni báàgì sì ń wà.

Ẹyẹ apẹja yìí ló fi ojú mi mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú, á máa lu ìyẹ́ wìrìwìrì, orí rẹ̀ ò ní mì, kó tó já lulẹ̀ sínú omi. Kí ìyẹ́ yẹn tó dúró nínú fọ́tò, mo ní láti lo 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Láti f/5.6 sí f/8, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ; ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, wá gòkè dé 6400 ní aago méje àárọ̀, abẹ́ ìyẹ́ sì dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ta iyanrìn sí. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ISO ti sọ̀kalẹ̀ sí 1600, ara fọ́tò ti mọ́. Ní aago mẹ́wàá, ooru ti ń jó lórí omi, etí ẹyẹ ò gún mọ́. Wákàtí méjì péré ni tèmi lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbà á.

Ohun kan tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: ìmúdúró tó wà nínú lẹ́ǹsì, ọwọ́ mi ló ń dá dúró, kò lè dá ẹyẹ dúró. Lékèélékèé tó ń tòògbé, mo ti fi 1/125 yà á láìfi ara ti nǹkan kan, ó sì mú ṣáṣá. Ẹyẹ tó bá ń jẹ̀, ìyẹn ò wúlò fún un.

Igbe

Mo tẹ̀lé àwọn kan wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, ará ilé ẹ̀gà, dúdú tó gbé pupa sórí. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i. Abẹ́ igi dúdú kùṣùkùṣù, ISO 12800, f/8: òjìji ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni mo mú bọ̀. Nínú igbó, ẹ̀gbọ́n mi borí.

Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà àbọ̀, lámilámi kan bà sórí koríko. Lẹ́ǹsì yìí lè wo nǹkan láti nǹkan bíi mítà kan. Mo yà á títí àwọn iṣan tó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀ fi hàn bí àwọ̀n. Èyí tí mo tà ò lè ṣe irú èyí.

Èbìbì

Àwọn ẹ̀gà ti dé sórí ọ̀pẹ tó tẹ̀ sórí omi. Bàbá apẹja ní kí n wọ inú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ta ni í gbé e sínú ọkọ̀ tó ń mì? Mo fi ọ̀rá búrẹ́dì bo lẹ́ǹsì nítorí ìrì òjò, torí wọn ò fi nǹkan dí omi lára irú rẹ̀, mo jókòó sórí àwọ̀n, mo gbé igunpá lé orúnkún.

Akọ kan, orí dúdú, ara bí ìyeyè, ẹyinjú pupa bí iyùn. Ó bà sórí imọ̀, ó fi ẹnu gé etí ewé, ó dì í mú, ó fò. Ewé náà ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e bí òwú. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó dúró sínú òrùka tó ti hun, ó ti orí okùn bọ ihò, ó tẹ̀ síwájú, ó fà á jáde lódìkejì, ó tún tì í wọlé. Ẹnu nìkan ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí abo bá kọjá, á dorí kodò lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pariwo bí ọlọ́jà.

Mo ka ìtẹ́ mẹ́ta sí orúkọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ti ní abo nínú. Ìkejì ti gbẹ, ó ti pọ́n. Ìtẹ́ tútù ni abo ń fẹ́, akọ fúnra rẹ̀ ló wá ń tú u palẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣì tutù yọ̀yọ̀. Abo kan wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, ó fa inú rẹ̀ wò, ó jáde. Ìgbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo ti gbé kámẹ́rà sójú fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún láìsọ ọ́ kalẹ̀. 1/1600, f/8, ISO 2500. Akọ wà nísàlẹ̀, ó la ẹnu, abo ń wò ó láti òkè bí ìyá ọkọ tó wá wo ọbẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́kọ́lá. Ó ní kí n yá òun ní lẹ́ǹsì náà ní Sátidé, òde kan wà. Mo ní Sátidé ò ṣeé ṣe. Bàbá ti ní kí n dé kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, ìtẹ́ kẹta ò sì tíì ní ìyàwó.